Kì í Ṣe Alágbéró, Kì í Ṣe Aláwọ̀ Ewé: Ìlú Ajẹwẹ̀yìn Ni

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni wọ́n gbé páálí mẹ́ta ìwé pélébé wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ Yorùbá tí à ń ṣe ní Garki. Iléeṣẹ́ kan ló tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ká bá àwọn pín in fún àwọn èèyàn wa ní Nyanya, Mpape àti Kubwa. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sójú rẹ̀: Ẹ JẸ́ KÍ ABUJA DI ÌLÚ MÍMỌ́ ALÁGBÉRÓ. Màmá kan tó jókòó tì mí gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó yí ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó ní, “Ṣọ́ọ̀ṣì wo ló fẹ́ ṣe ìsọjí?”

Ta ló fẹ́ dá màmá lẹ́bi? Ìlú Mímọ́ tí etí wa mọ̀ kò ju Mẹ́kà àti Jerúsálẹ́mù lọ. Wuse kò sí lára wọn. Tó bá jẹ́ pé ìlú tí kò ní ìdọ̀tí ni wọ́n ń sọ, ẹ kúkú ní ìlú tó mọ́ tónítóní, kó tán. Ìmọ́tótó kì í ṣe ohun tó ṣòroó túmọ̀. A ti mọ̀ ọ́n láti ayé wolé-wolé, ṣójà tún fi kòbókò rán wa létí nígbà WAI, ogun tí ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ti ìwà ìbàjẹ́ ní 1984. Ọ̀rọ̀ kejì yẹn, ìyẹn “sustainable” tí òyìnbó ń pariwo, pé ká lo nǹkan láì ba ti ọ̀la jẹ́, òun ni wọ́n sọ di alágbéró, òun náà ló sì mú mi jókòó kọ eléyìí.

Kí ni à ń gbé ró? Ògiri tó ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan là ń fi ọ̀pá gbé ró. Aláìsàn là ń gbé ró kó tó lè mu ẹ̀kọ. Ohun tó bá ti nílò agbéniró, ó ti fẹ́ wó nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní Yorùbá ní Lọ́kọ́ja ta kò mí, ó ní ìlú tó lè gbé ara rẹ̀ ró ni wọ́n ní lọ́kàn. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, olè náà ń gbé ara rẹ̀ ró. Ìlú lè dúró digbí fún ọgọ́rùn-ún ọdún kó jẹ́ pé ẹ̀yìn àwọn ẹlòmíì ló gùn lé. Ṣé ìyẹn náà là ń wá?

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń pè é ní “ìlú aláwọ̀ ewé”. Tákísí Abuja ni kí wọ́n lọ wò. Àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún, bẹ́ẹ̀ èéfín dúdú kìjikìji ni ọ̀pọ̀ wọn ń tú nídìí. “Ọ̀rẹ́ àyíká” ni mi ò tilẹ̀ fẹ́ dá lóhùn. Àyíká kì í bá èèyàn jókòó mu ẹmu.

Ọ̀rọ̀ tí a ń wá kiri, inú òwe ló wà. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Àgbà náà jókòó ti oúnjẹ, ó ń bù ú sẹ́nu, kò bojú wẹ̀yìn wo àwọn ọmọdé tó ń dúró de ìṣẹ́kù. Nígbà tó tán, ó pe ọmọ kó wá gbé igbá, kò rí ẹni dá a lóhùn. Àjẹìwẹ̀yìn: jíjẹ tí kò wẹ̀yìn. Ẹ yọ “ì” àárín yẹn, bí ẹni yọ ẹ̀gún ẹja, ẹ óò rí àjẹwẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń jẹ bẹ́ẹ̀ ni ajẹwẹ̀yìn. Ìlú tó bá ń jẹ bẹ́ẹ̀, ìlú ajẹwẹ̀yìn. Mi ò dá nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀, èyí tí kò dáa nínú rẹ̀ nìkan la ń lò.

Ará Lọ́kọ́ja tún pe mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní “jẹ” ti sọ ìlú di wọ̀bìà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé oúnjẹ nìkan là ń jẹ ní Yorùbá? À ń jẹ oyè, à ń jẹ gbèsè, à ń jẹ èrè, à ń jẹ ayé. Ìlú kúkú ń jẹ: ó ń jẹ omi, ó ń jẹ ilẹ̀, ó ń jẹ igi, ó ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì. Kò sí ìlú tí kì í jẹ. Ní 1987, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí Gro Harlem Brundtland ará Nọ́wè jẹ́ alága rẹ̀ gbé ìtumọ̀ tí gbogbo ayé ń lò jáde, pé kí àwọn tó wà láyé báyìí rí ohun tí wọ́n nílò láì dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Odidi ìwé ni wọ́n fi sọ ọ́. Igbá kan ni àwọn àgbà wa fi sọ ọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n rọ̀ mọ́ ọn jù ni “ẹ̀yìn”. Ẹ̀yìn méjì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wà níbẹ̀, níbi tí a ń da omi ìfọṣọ sí. Ẹ̀yìn ọ̀la náà wà níbẹ̀. Alágbéró kò ní ọ̀kankan.

Olóúnjẹ kan wà nítòsí Utako tí mo máa ń jẹ àmàlà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, inú yín á dùn: wọ́n ti nu tábìlì, bùtá omi ìfọwọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọṣẹ, ilẹ̀ ń dán. Lọ́jọ́ kan mo ń wá ibi tí mo ti máa tọ̀, mo bá gba ẹ̀yìn. Abọ́ ìfọwo mẹ́ta ló tò síbẹ̀, ọ̀rá epo léfòó lórí ti àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta tó yẹ kó jẹ́ omi tí wọ́n fi ń ṣan àwo kò yàtọ̀ sí i. Ọmọdébìnrin kan gbé e, ó dà á sí gọ́tà pẹ̀lú ọ̀rá àmàlà àti eérú èédú. Gọ́tà ń ṣàn lọ sínú odò kékeré kan, ó sì hàn láti ibẹ̀ pé ọkùnrin kan ń fi garawa bu omi odò náà rin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ẹ̀fọ́ tútù, ewé rẹ̀ fẹ̀. Mo pa dà sí ìdí àwo mi, mo wo ẹ̀fọ́ tó wà nínú rẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi fi ewédú pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ọ̀pọ̀ ìlú ṣe rí. Iwájú ló mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìlú kan jẹ́ ajẹwẹ̀yìn, ẹ gba ẹ̀yìn.

Abuja gan-an, wọ́n wẹ̀yìn nígbà tí wọ́n ń dá a sílẹ̀. Òfin 1976 ló fi lélẹ̀ pé ibẹ̀ ni olú-ìlú yóò wà. Àwòrán ìlú tí wọ́n yà parí ní 1979 ti fi ibi tí igi máa wà sílẹ̀, ó ti ro iye èèyàn tí ilẹ̀ náà lè gbà mọ́ mílíọ̀nù 3 ó lé díẹ̀. Ilé ìyàgbẹ́ àwọn ará Maitama, Wuse àti Garki, páìpù abẹ́ ilẹ̀ ló ń kó ohun inú rẹ̀ lọ sí Wupa, níbi tí ẹ̀rọ ti ń wẹ omi náà mọ́ kó tó bọ́ sínú odò. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ronú nípa ìgbẹ́ kó tó ronú nípa fúláwà àfiṣọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n Mpape ń kọ́? Orí òkè tó kọjú sí Maitama ló wà, páìpù kò gun òkè dé ibẹ̀. Ṣàlángá, sókawéè àti bóhóòlù fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kanra. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Mpape àti agbègbè rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2018, àwọn tí ìjọba ní kó wádìí rẹ̀ nàka sí bóhóòlù tó pọ̀ jù àti òkúta tí wọ́n ń fi àdó fọ́. Omi abẹ́ ilẹ̀ tí a ń fà láì ronú bí yóò ṣe kún pa dà, àjẹìwẹ̀yìn gidi nìyẹn. Pàǹtírí sì ń lọ sí ààtàn Gosa, èyí tó jẹrà nínú rẹ̀ ń tú gáàsì tó ń mú ayé gbóná, oje rẹ̀ ń wọlẹ̀.

Ẹni tó mọ ẹ̀yìn Abuja jù ni baban bola. Ó ń ti ọmọlanke láti àdúgbò dé àdúgbò, ó ń ra irin, ó ń ra ike, ó ń ra fáànù tó ti kú. Ìjọba máa ń lé wọn, torí àwọn kan nínú wọn ń jí nǹkan. Èmi náà ti pàdánù ìkòkò irin kan. Síbẹ̀, ohun tí baban bola kó kúrò ní òpópónà mi ní Kubwa, kì í dé Gosa.

Ẹgbẹ́ ní kí n bá àwọn kọ ìwé pélébé náà tún. Mo kọ ọ́: ABUJA, ÌLÚ AJẸWẸ̀YÌN. Alága ní ó dáa, àmọ́ owó ìtẹ̀wé kò sí. Páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá di ẹrù sọ́rùn mi, wọ́n wà ní ẹ̀yìnkùlé mi báyìí. Ní Sátidé tó kọjá mo pe baban bola wọlé pé kó wá kó wọn. Ó ṣí páálí kan, ó fi ìka pa ojú ìwé náà, ó mi orí. Ó ní òun kì í ra èyí tó bá ń dán.