Ìdí tí òfin Britain fi gbé ọ̀rọ̀ àìsàn sẹ́yìn intafíù

Ọ̀rọ̀ kan wà táwọn èèyàn wa ní London máa ń sọ tó ti ṣàkóbá fún ọ̀pọ̀ èèyàn: pé tẹ́nì kan bá ní sickle cell, àbí ìtọ̀ ṣúgà, àbí wárápá, tí kò sì sọ ọ́ níbi intafíù, irọ́ ló pa yẹn, ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á lé e. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Dídákẹ́ yàtọ̀ sírọ́ pípa, òfin ibẹ̀ gan-an ló sì fàyè ẹ̀ sílẹ̀ fẹ́ni tó ń wáṣẹ́. Equality Act 2010 ni, òfin tó ní kí wọ́n má fi ẹ̀tọ́ du èèyàn torí irú ẹni tó jẹ́, abala 60 ẹ̀.

Ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bí òfin náà ṣe to nǹkan tẹ̀ léra. Agbanisíṣẹ́ ò gbọdọ̀ béèrè ọ̀rọ̀ ìlera títí tó fi máa sọ pé òun ti fún onítọ̀hún níṣẹ́. Kò gbọdọ̀ bi í, kò sì gbọdọ̀ gbẹ̀yìn lọ bi ọ̀gá ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ mélòó ló fi ṣàìsàn lọ́dún tó kọjá, torí ọ̀rọ̀ ìlera náà ṣì nìyẹn. Ìgbà tíṣẹ́ bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́ ni wọ́n tó lè béèrè, wọ́n sì lè sọ pé ó dìgbà táwọn bá rí èsì fọ́ọ̀mù ìlera kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹlòmíì á ní kí ni ìyàtọ̀, ṣebí wọ́n ṣì máa mọ̀ náà ni. Ibẹ̀ gan-an lọgbọ́n wà. Ẹ wo ẹni tó ń sebẹ̀. Tó bá da iyọ̀, ata, irú, epo, gbogbo ẹ̀ sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà, tó wá lóun ò jẹ ẹ́ mọ́, ó lè ní ata ló pọ̀, ó lè ní epo ni, kò sẹ́ni tó máa já a nírọ́. Àmọ́ tó bá sè é tán láìfi iyọ̀ sí i, tó tọ́ ọ wò, tó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ọbẹ̀ yìí dára, tí gbogbo ará ilé gbọ́, tí wọ́n wá wọ́n iyọ̀ sí i kẹ́yìn, tó wá ti abọ́ sẹ́yìn, kí ló tún kù tó fẹ́ sọ? Iyọ̀ yẹn làìsàn. Kí òfin yìí tó dé, ẹni tó rí sickle cell lórí fọ́ọ̀mù lè sọ pé àwọn ti rí ẹni tó nírìírí jù ú lọ, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ní báyìí ó ti kọ lẹ́tà pé ìwọ la mú. Tó bá gba iṣẹ́ náà padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ohun kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀ láàárín lẹ́tà méjèèjì, fọ́ọ̀mù ìlera. Tó bá sì jẹ́ pé ó ti béèrè kó tó yẹ kó béèrè, tí kò wá gba èèyàn náà, tọ́rọ̀ dé kóòtù, òun ló máa fi hàn pé kì í ṣe torí àìsàn lòun ò ṣe gbà á.

Àwọn ìbéèrè díẹ̀ wà tí wọ́n fàyè gbà ṣáájú. Wọ́n lè béèrè bóyá èèyàn nílò ìrànlọ́wọ́ níbi intafíù náà, wọ́n sì lè béèrè bóyá ó lè ṣe ohun tíṣẹ́ ọ̀hún dúró lé gan-an, bíi kẹ́ni tó fẹ́ máa gun àtẹ̀gùn gíga lójoojúmọ́ sọ bóyá ó lè gùn ún.

Fọ́ọ̀mù ìlera yẹn náà, èèyàn máa ń rò pé mánéjà ló ń kà á. Láwọn iléeṣẹ́ ńlá, nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ló ń kà á, occupational health ni wọ́n ń pè wọ́n. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́ sí mánéjà ò ju pé ó lè ṣiṣẹ́ náà, ẹ má fi sẹ́nu ọ̀nà tí òtútù ti ń wọlé, ẹ jẹ́ kómi wà nítòsí ẹ̀, ẹ máa fún un láyè lọ sọ́sípítù. Fẹ́ni tó ní sickle cell, òtútù, òùngbẹ àti àárẹ̀ wà lára ohun tó ń fa ìrora náà, torí náà ohun tó nílò gan-an nìyẹn, kò sì dandan kí mánéjà mọ orúkọ àìsàn. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ò ní irú àwọn nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ o, ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló ń ka fọ́ọ̀mù, ibẹ̀ sì ni òfin yìí ti kù díẹ̀ káàtó.

Orí fọ́ọ̀mù yìí ni irọ́ ti wá ń di irọ́. Tí wọ́n bá béèrè níbẹ̀, téèyàn kọ ọ́ pé òun ò láìsàn kankan, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ lé e. Dídákẹ́ títí lọ náà ní nǹkan tó ń náni, torí agbanisíṣẹ́ tí kò mọ̀, tí kò sì sóhun tó yẹ kó fi mọ̀, kò sí dandan fún un láti yí nǹkan kan padà lẹ́nu iṣẹ́ torí àìsàn náà. Ọjọ́ tí sickle cell bá dá èèyàn dúró sílé, bí ọjọ́ tẹ́lòmíì kàn pa iṣẹ́ jẹ ni wọ́n á ṣe kà á.

Ẹni tó ní HIV tàbí jẹjẹrẹ, òfin náà ti kà á mọ́ àwọn aláàbọ̀ ara tó ń dáàbò bò látọjọ́ tí dókítà ti sọ ọ́. Ẹni tó ní sickle cell ní láti fi hàn pé ó ń dí òun lọ́wọ́ gidi, pé ó ti tó oṣù 12 tàbí ó máa tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bíi pé kò loògùn kankan ni wọ́n á ṣe wò ó, torí náà kò sẹ́ni tó máa sọ pé ṣebí oògùn ti mú ara ẹ̀ le.

Nílé ńkọ́? Nàìjíríà lófin 2014 tó sọ pé agbanisíṣẹ́ ò gbọdọ̀ ní kéèyàn lọ ṣàyẹ̀wò HIV kó tó gbà á, èyí fi hàn pé a mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ fọ́ọ̀mù ìwáṣẹ́ ṣì pọ̀ nílùú wa tí àyè jẹ́nótáìpù wà lójú ewé àkọ́kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àti ọjọ́ orí, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè pé iṣẹ́ wo lonítọ̀hún mọ̀ ọ́n ṣe.