Àṣà Ìwakọ̀ Èkó Tí Kò Bá Òkè àti Aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà Mu

Bí oṣù kẹjọ bá ti ń parí lọ ni àwọn oníbàárà wa ní Mùṣin máa ń wá béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fẹ́ lo ìsinmi ní Amẹ́ríkà ní ìgbà ìwọ́wé, wọ́n fẹ́ háyà ọkọ̀, kí wọ́n sì dá wà á láti Denver ní ìpínlẹ̀ Colorado, kí wọ́n gba orí òkè Rocky títí dé àwọn àfonífojì inú aṣálẹ̀ Utah àti Arizona. Gígun òkè ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bẹ̀rù. Èmi tí mo ń fi iṣẹ́ mẹkáníìkì jẹun mọ̀ pé sísọ̀kalẹ̀ ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rù, nítorí pé bí a ṣe ń lo bíréèkì nílùú Èkó kò bá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mu rárá.

Ilẹ̀ Èkó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ. Ẹni tó ń ti Kẹ́tu bọ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ lè tẹ bíréèkì láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n eré tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sá kò tó nǹkan, bíréèkì sì ń ráyè tutù kó tó tún tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ọ̀nà ti ga jù lọ ní Loveland Pass, ọ̀nà kan tó gba orí òkè ní Colorado, fi nǹkan bí mítà 3,655 ga ju òkun lọ. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀, ìwúwo rẹ̀ ni yóò máa tì í láti ẹ̀yìn, bí awakọ̀ bá sì gbẹ́sẹ̀ lé bíréèkì tí kò gbé e kúrò, gbogbo agbára yẹn yóò di ooru lára páàdì àti díìsìkì. Òórùn ohun tó ń jóná ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni bíréèkì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, tí ọkọ̀ kò sì ní dúró níbi tí ẹ fẹ́ kí ó dúró.

Mo fẹ́ kí ẹ lóye ìdí tí ó fi ń rọ̀. Bíréèkì ọ́ìlì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ọ́ìlì DOT 3 (irú bíréèkì ọ́ìlì kan) tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé 205°C, ṣùgbọ́n èyí tó ti fa omi sára lè hó ní nǹkan bí 140°C. Ọ́ìlì kò ṣe é fún pọ̀, òun ló jẹ́ kí agbára ẹsẹ̀ yín dé ọ̀dọ̀ páàdì. Bí ó bá hó, oru gbígbóná ni yóò gba àyè rẹ̀ nínú páìpù, oru sì ṣe é fún pọ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ yóò wọlé ṣùgbọ́n páàdì kò ní mú. Mo máa ń ṣí ìdérí ike ọ́ìlì yìí han oníbàárà: tuntun mọ́, ó ń dán bí oyin, èyí tó ti pẹ́ nínú ọ̀rinrin Èkó ti dúdú. Ẹ wo ti ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ háyà kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́, bó bá sì dúdú, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní òmíràn.

Jíà ni kó máa di ọkọ̀ mú. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ẹ fa ọwọ́ jíà sí L, B tàbí 2, ìyẹn àwọn àmì tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fa ọkọ̀ sẹ́yìn, tàbí kí ẹ fi ọwọ́ yan jíà kékeré bí ọkọ̀ náà bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yóò ké, ẹ má fòyà, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Bí eré bá tún pọ̀ jù, ẹ tẹ bíréèkì dáadáa kí ọkọ̀ rọlẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá kó lè tutù. Ẹni tó bá fẹ́ fi ara kọ́ ọ kó tó gbéra lè wa ọkọ̀ gba ọ̀nà òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní Èkìtì.

Ní ti gígun òkè, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, nítorí náà ẹ́ńjìnnì tí kò ní túbò (ohun tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọ inú ẹ́ńjìnnì) yóò máa lọ́ra. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Òtútù tún máa ń dín afẹ́fẹ́ táyà kù, ẹ wọ̀n ọ́n ní àràárọ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ni òfin táyà yìnyín, èyí tó ní kí táyà lè di ọ̀nà mú nínú yìnyín, ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí títì I-70 láàárín Dotsero àti Morrison ní Colorado, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó háyà ọkọ̀ fún yín bóyá táyà rẹ̀ bá òfin náà mu.

Àṣà kejì tí ẹ ó fi sílẹ̀ nílé ni ti omi. Àwa ti mọ́ra láti máa wa ọkọ̀ gba inú àgbàrá, pàápàá bí a bá rí danfó tó ti là á já níwájú wa. Nínú aṣálẹ̀, òjò lè rọ̀ síbi tó jìnnà, kí oòrùn máa ràn lórí yín, kí omi sì dé lójijì gba àárín àpáta. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Antelope Canyon ní Arizona ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1997, nígbà tí omi pa èèyàn 11. Omi tó ń ṣàn tí jíjìn rẹ̀ kò ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ tó láti gbé ọkọ̀ kékeré lọ. Bí omi bá ti ń kọjá lójú ọ̀nà, ẹ yí padà.

Láti Green River sí Salina ní Utah, nǹkan bí kìlómítà 177 ni ẹ ó rìn lórí I-70 láìrí ilé epo kankan, nítorí náà ẹ kún táńkì ní Green River, bí ó tilẹ̀ ku ìdajì. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ ní Òṣòdì, èèyàn yóò ti pé lé yín lórí kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nínú aṣálẹ̀ Utah yìí, fóònù gan-an lè má ní nẹ́tíwọọ̀kì. Ẹ gbé omi mímu lítà mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, kí ẹ sì dúró ti ọkọ̀ bí ó bá bàjẹ́, torí ọkọ̀ rọrùn láti rí ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Kí ẹ tó kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì láràárọ̀, ẹ fi orúkọ ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà àti ibi tí ẹ ó sùn ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé. Títí oṣù kẹwàá yóò fi parí, wákàtí méje ni aago Èkó fi ṣíwájú ti Utah, mẹ́jọ sì ni ti ọ̀pọ̀ ibi ní Arizona. Bí ẹni náà bá jí ní aago 6 òwúrọ̀ tí kò sì tíì rí àtẹ̀jíṣẹ́ pé ẹ ti dé, aago 11 alẹ́ ni ó jẹ́ ní Utah, kí ó pe òtẹ́ẹ̀lì náà lójú ẹsẹ̀.