Ẹ̀wà Wà Níkùn, Irin Kò Dé Inú Ẹ̀jẹ̀

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan jókòó síwájú mi ní kílíníìkì, àyẹ̀wò ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ó yà á lẹ́nu. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ̀wà àti ẹ̀kọ la kúkú ń jẹ nílé." Mo bi í pé kí ni wọ́n fi ń sìn ín. Ó ní tíì gbígbóná.

Tíì yẹn wà lára ẹjọ́ náà. Irin tó ń di ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀wà, àmọ́ tíì a máa so mọ́ ọn níkùn, ara ò ní rí púpọ̀ gbà nínú rẹ̀ mọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ìyókù ń bá lọ. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ kí ẹ tó mu tíì. Ọsàn ni kí ẹ fi sin ẹ̀wà, tàbí àgbálùmọ̀ nígbà tirẹ̀. Fítámì C inú wọn ló ń ṣílẹ̀kùn fún irin. Ẹja díẹ̀ náà ń ràn án lọ́wọ́.

Àgbàdo ní wàhálà tirẹ̀. Èròjà kan wà nínú hóró rẹ̀, phytate lorúkọ rẹ̀, tó di irin àti síńkì mú bí ahun ṣe ń di owó mú. Rírẹ àti kíkan ló ń tú u lọ́wọ́. Bí àgbàdo bá ti lo ọjọ́ méjì mẹ́ta nínú omi, tó ń yọ ìfóófòó, tí òórùn rẹ̀ yí padà, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn. Ẹni tó rẹ ẹ́ lálẹ́, tó lọ̀ ọ́ láàárọ̀ torí pé kò fẹ́ ògì kíkan, kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tán. Síbẹ̀, ìdí asẹ́ la ti ń ṣòfò jù: irin bá èèrí lọ fún ewúrẹ́, àwọn Fítámì B bá omidùn ṣàn sí gọ́tà. Ẹ kúkú fi omidùn yẹn se ẹ̀kọ mímu.

Ní ti gàrí, Fítámì A ló ń wọ́n níbẹ̀, àmọ́ ìyẹn ò le. Láti 2011 ni ẹ̀gẹ́ pupa rẹ́súrẹ́sú ti jáde ní Nàìjíríà, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ yẹn lara ń sọ di Fítámì A. Epo pupa náà ní i, àfi tí ẹ bá gbé e kaná títí tó fi ṣí bíi ti ayamáṣe. (Èmi náà ń jẹ ayamáṣe o.)

Mo ní kí ìyá yìí má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ tí dókítà kọ fún un sílẹ̀. Ó ní, "Ọsàn ti wọ́n. Ṣé ata ò lè dípò ẹ̀?" Ata tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gún, bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó ti hó lórí iná fún wákàtí kan, ta-ta-ta nìkan ló kù nínú ẹ̀.