Àgbọn Tí Ò So Lọ́dún Yìí, Ọ̀dá Ìgbà Wo Ló Pa Á?

Tí àgbọn bá wọ́n ní Àgbádárìgì, ohun táwọn èèyàn máa kọ́kọ́ sọ ni pé òjò ọdún yìí ò dáa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju ọdún yìí lọ, ọ̀dá tó fà á lè ti kọjá láti nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, kálukú sì ti gbàgbé ẹ̀.

Bó ṣe rí nìyí. Ìdí ewé kọ̀ọ̀kan lórí igi àgbọn ni ìdì òdòdó kan ti ń jáde, igi tára ẹ̀ bá dá sì máa ń yọ ewé tuntun bí ẹyọ kan lóṣù. Ìdì òdòdó tẹ́ ẹ rí tó là síta lónìí yẹn, kì í ṣe oṣù yìí nigi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ́n o. Ó ti lo nǹkan bí oṣù 32 nínú orí igi lọ́hùn-ún, níbi tójú ò tó, kó tó là, tó bá sì là tán ó tún máa lo bí oṣù 12 kí àgbọn ara ẹ̀ tó gbó. Ẹ ro ó pọ̀, oṣù 44 nìyẹn, ó lé lọ́dún mẹ́ta ààbọ̀. Láàárín gbogbo àkókò yẹn, ọ̀dá lè kàn án nígbàkigbà, àmọ́ ohun tó máa bà jẹ́ dá lórí ibi tí ìdì òdòdó náà dàgbà dé lọ́jọ́ tí ìyà náà bá a.

Tí ọ̀dá bá bá a nígbà tó ṣì ń mọ àwọn òdòdó abo, àwọn tó máa di àgbọn lọ́jọ́ iwájú, iye wọn á dín kù, tó bá sì le jù, odindi ìdì náà lè kú sínú kó má tiẹ̀ là rárá. Tó bá jẹ́ ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni, àwọn ọmọ àgbọn wẹ́wẹ́ á máa já bọ́ sílẹ̀ ṣáá, ẹni tó bá ń gbálẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí à ń sọ. Tó bá pẹ́ ju ìyẹn lọ, àgbọn ò ní já, àmọ́ ó máa kéré, funfun inú ẹ̀ á sì fẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gbẹlẹ̀ kan ṣoṣo fi lè fìyà jẹ èèyàn fún ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí òjò ti padà dé, tí ewé igi sì ti tutù yọ̀yọ̀, tẹ́nikẹ́ni ò rò pé nǹkan kan ṣe é.

Nǹkan tó ṣì ń dàgbà yàtọ̀ pátápátá sí nǹkan tó ti dàgbà tán. Àgbà igi tí òùngbẹ ń gbẹ lè pa àwọn ihò tíntìntín tó wà lára ewé ẹ̀ dé kí omi má bàa fẹ́ lọ, tómi bá padà dé gbòǹgbò, á tún ṣí i, ó parí. Ti ọmọdé ò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà ọmọdé ni ara ń pín iṣẹ́, èyí á di ewé, èyí á di òdòdó, èyí á di akọ, èyí á di abo, bí àyíká bá sì ṣe rí lásìkò yẹn lara fi ń pinnu, tí àsìkò náà bá ti kọjá, ìpinnu kì í sábà ṣeé yí padà mọ́. Aṣọ tí télọ̀ bá ti gé kúkúrú, áyọ́ọ̀nù ò lè fà á gùn.

Kì í ṣe pé jíìnì, ìyẹn ìtọ́ni ìdàgbà tí wọ́n bí mọ́ ara, yí padà o, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣi èyí gbọ́. Jíìnì wà bó ṣe wà, ohun tó yàtọ̀ ni èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn àti èyí tó sinmi. Họ́mónù ló sábà máa ń gbé ìròyìn náà kiri: nínú ewéko, tílẹ̀ bá ti gbẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní abscisic acid á pọ̀ sí i, á ní kí ewé pa ihò dé, kí ìdàgbà rọra. Sẹ́ẹ̀lì náà tún ní ohun ìjà tiẹ̀. Tí ooru bá le, ó máa ń yára ṣe àwọn purotéènì kan tó ń di àwọn purotéènì yòókù mú kí wọ́n má bàa wó. Ara eṣinṣin tó ń jẹ èso ni Ferruccio Ritossa, ará Ítálì, ti kọ́kọ́ rí àmì ẹ̀ lọ́dún 1962, àmọ́ wọ́n padà rí i pé ewéko, ẹja, adìyẹ àti èèyàn, gbogbo wa la ní in.

Ti ìjàpá òkun ló yani lẹ́nu jù lójú tèmi. Etíkun tó lọ láti Gbèrèfù dé Ṣẹmẹ́ jẹ́ ara etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ìjàpá òkun ti máa ń gòkè wá lóru, á gbẹ́ iyanrìn, á yé ẹyin, á bo ó mọ́lẹ̀, á padà sómi. Ẹyin yẹn ò tíì di akọ, kò tíì di abo. Iyanrìn ló máa sọ ọ́. Tí ooru iyanrìn bá wà ní nǹkan bíi 29°C, akọ àti abo á fẹ́ẹ̀ dọ́gba, tó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ akọ á pọ̀, tó bá gbóná dé 31°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, abo ló máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ibẹ̀. Ẹyin náà máa ń lò tó 50 sí 60 ọjọ́ kó tó pa, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọjọ́ yẹn ló ka, ìdá kan nínú mẹ́ta tó wà láàárín ni, ìgbà tí ẹ̀yà ara ìbísí ń dá. Ooru tó bá dé ṣáájú ìgbà yẹn tàbí lẹ́yìn ẹ̀ lè yá ìdàgbà tàbí kó tiẹ̀ ba ẹyin jẹ́, àmọ́ kò ní sọ akọ di abo.

Ní àríwá Great Barrier Reef, àpáta iyùn ńlá inú òkun lórílẹ̀-èdè Australia, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2018 yẹ àwọn ìjàpá òkun aláwọ̀ ewé wò, nínú àwọn ọmọ kéékèèké, ó lé ní 99 nínú 100 tó jẹ́ abo, nínú àwọn àgbà sì rèé, nǹkan bíi 87 ni. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn dáadáa. Àwọn àgbà yẹn, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jáde látinú ẹyin wọn, nígbà tí ooru iyanrìn ò tíì tó báyìí, bẹ́ẹ̀ inú omi kan náà ni tọmọdé tàgbà wọn jọ wà lónìí. Ọ̀rọ̀ yìí ń bani lẹ́rù o, torí tí abo bá pọ̀ lónìí, ẹyin á ṣì máa pọ̀ lọ, kò ní sí ẹni tó máa fura pé akọ ń tán.

Àgbàdo náà ní àsìkò tiẹ̀. Tí òjò bá dá nígbà tó ṣì wà ní orúnkún, ó máa ń farada dé àyè kan, òjò tó bá dé lẹ́yìn náà á ràn án lọ́wọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìgbà tó fẹ́ yọ irun lòjò dá, wàhálà ni, torí irun kọ̀ọ̀kan ló ń gba ìyẹ̀fun òdòdó sọ́dọ̀ fún ọmọ àgbàdo kan, ọ̀dá sì máa ń dá irun dúró nígbà tí òdòdó orí ẹ̀ ò ní dúró dè é, ìyẹ̀fun á ti dà nù tán kí irun tó yọ. Àgbàdo eléyín jíjá tẹ́ ẹ máa ń bó nìyẹn, ajílẹ̀ kankan ò lè dí àlàfo yẹn mọ́.

Àwọn kan ò dúró kí ìyà bá àwọn, ńṣe ni wọ́n ń yí ètò padà. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ onírù inú kòtò omi, tómi náà bá ti ń fà, ọpọlọ ẹ̀ á tú họ́mónù kan sílẹ̀ tó máa mú họ́mónù ọ̀fun àti ti ìnira pọ̀ sí i, ẹsẹ̀ á yọ kíákíá, ìrù á wọlé, á bọ́ sórí ilẹ̀ kómi tó gbẹ tán. Wọ́n ti wo èyí dáadáa lára ọ̀pọ̀lọ́ spadefoot ti aginjù Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o, ó máa ń jáde ní kékeré, ọ̀pọ̀lọ́ tó sì kéré, ebi àti ọ̀tá tètè ń pa á.

Ewéko tó bo ojú ọ̀sà wa náà ń ṣe irú ẹ̀. Water hyacinth, tó gba ọ̀nà ọ̀sà Àgbádárìgì wọlé láti orílẹ̀-èdè Benin lọ́dún 1984, tó bá wà níbi tí àyè wà, ọ̀pá ewé ẹ̀ á kúrú, á wú, afẹ́fẹ́ á kún inú ẹ̀, ìyẹn ló fi ń léfòó. Níbi tí wọ́n bá ti fún pọ̀, ewé tuntun tó máa yọ á ní ọ̀pá tín-ínrín gígùn, ó lè ga dé mítà kan, kó lè rí oòrùn ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Àwọn ewé tó ti yọ tẹ́lẹ̀ ò ní yí padà, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa gbé ìrísí tuntun. Nítorí náà ẹ lè bá oríṣi ọ̀pá méjèèjì lára ìdí kan ṣoṣo.

Àwọn tó ń sin adìyẹ náà lè lo àsìkò yìí. Ẹyin adìyẹ máa ń lo ọjọ́ 21 nínú ẹ̀rọ ìpamọ, ooru ibẹ̀ sì máa ń wà ní nǹkan bíi 37.5 sí 37.8°C. Àwọn olùwádìí fi díẹ̀ kún un, wọ́n gbé e dé 39.5°C fún wákàtí 12 lójúmọ́ láti ọjọ́ keje sí ọjọ́ kẹrìndínlógún, ìgbà tí ara ọmọ inú ẹyin ń kọ́ bó ṣe máa máa ṣàkóso ooru ara ẹ̀. Àwọn ọmọ tó jáde, nígbà tí wọ́n dàgbà tí ooru líle dé, ara wọn gbà á ju àwọn tí wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún lọ, èyí tó kú nínú wọn sì kéré. Tí ooru bá ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí tó bá bọ́ sí ọjọ́ tí kò yẹ, ọmọ á kú sínú ẹyin ni, torí náà ẹni tí iná ń já mọ́ lọ́wọ́, tí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ ò ṣeé gbọ́kàn lé, kó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ ní 37.5 yẹn.