Bíà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn káńtà ilé ọtí ẹsítéètì

Ilé ọtí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bíi Greene King àti Marston's ti kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsítéètì tuntun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣòroó dá mọ̀: páàkì ọkọ̀ tó fẹ̀ ju ilé fúnra rẹ̀ lọ, ibi ìṣeré ọmọdé, àti mẹ́nù tó rí bákan náà láti ìlú dé ìlú. Oúnjẹ rírà níbẹ̀ kò le. Ẹni tó wọlé á jókòó, á wo nọ́ńbà ara tábìlì, á lọ sanwó ní káńtà tàbí kó fi fóònù san án. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ọwọ́ igi gíga mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó nàró lórí káńtà, tí olùtajà ń fà kí bíà tó jáde láti inú àgbá.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó bá kọ́kọ́ tọ́ bíà yẹn wò ló máa ń sọ pé ọtí lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni Òyìnbó ń mu. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. 11°C sí 13°C ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, nígbà tí yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù ní Èkó lè wọ 30°C. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni, nítorí pé bíà náà ṣì wà láàyè.

Ẹni tó bá mọ ẹmu á tètè lóye èyí. Ẹmu tí adẹ́mu gbé sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ dùn, ó ń hó, nítorí pé ìwúkàrà inú rẹ̀ ń jẹ ṣúgà lọ́wọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, adùn á dín, agbára á pọ̀ sí i. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Kò sẹ́ni tó ń bi adẹ́mu pé kí ló dé tí ẹmu àná kò rí bíi tòní. Bíà inú àgbá náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ: tòun ti ìwúkàrà rẹ̀ láàyè ni wọ́n ṣe rọ ọ́ sínú àgbá níbi tí wọ́n ti pọn ọ́n, ilé ọtí ló sì ń parí iṣẹ́ náà. Àgbá ò lè gba ti ẹmu kó máa hó bó ṣe wù ú, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lo èèkàn.

Tí àgbá bá dé, wọ́n á tẹ́ ẹ sùn sórí ìtẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ mì ín mọ́. Wọ́n á wá gbá èèkàn igi kékeré kan wọ òkè rẹ̀. Èèkàn rírọ̀ tó ní ihò wínníwínní ló ń ṣáájú, kí gáàsì lè máa rọra jáde. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á nu ìfófòó orí èèkàn náà kúrò, á sì máa wo bó ṣe yá tó kí ó tó padà. Bó bá yára, iṣẹ́ ṣì ń lọ nínú. Bó bá falẹ̀, ara rẹ̀ ti ń balẹ̀, wọ́n á sì fi èèkàn líle rọ́pò rẹ̀ kí gáàsì tó kù má baà sá tán. Ojú àti ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe ìpinnu yẹn, nínú ilé tí ohun gbogbo yòókù ti wá látọ̀dọ̀ olú-ilé-iṣẹ́. Ní gbogbo àkókò yìí, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń rọlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àgbá, èròjà tí wọ́n fi àpò afẹ́fẹ́ ẹja ṣe ló ń fà á lọ sísàlẹ̀.

Bíà tó ń ti ẹnu kíráànì jáde yàtọ̀. Wọ́n ti sẹ́ ìwúkàrà kúrò nínú rẹ̀ tàbí kí wọ́n ti fi ooru pa á, gáàsì ló ń tì í jáde nínú kẹ́ẹ̀gì, ìyẹn àgbá irin tí wọ́n dé pinpin, ẹ̀rọ sì ń mú un tutù nini kó tó dé inú ife. Afẹ́fẹ́ kì í kàn án. Ti ọwọ́ igi ò rí bẹ́ẹ̀: bí bíà ṣe ń jáde ni afẹ́fẹ́ lásán ń wọlé dípò rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, ó ti ń kan.

Ibí ni ìṣirò ti ń dun ilé ọtí ẹsítéètì. Àgbá tó wọ́pọ̀ jù gba páìntì 72 (páìntì kan ni ife bíà ńlá kan), ìyẹn 24 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọwọ́ igi mẹ́rin á béèrè 96 lójúmọ́, lọ́jọ́ Túsìdeé pàápàá. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń gbé wá, òfin England kò sì fàyè gba ju máíkírógíráàmù ọtí 35 lọ nínú 100 mílílítà èémí awakọ̀. Kóòkì àti oúnjẹ ni wọ́n ń rà. Àgbá á wà níbẹ̀, á máa kan, oníbàárà á mu ún, á sì gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

CAMRA (Campaign for Real Ale), ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn bíà àgbá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971, ja ìjà gidi kí kẹ́ẹ̀gì má baà lé bíà àgbá kúrò nígboro. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó bá to ọwọ́ igi jọ kí káńtà rẹ̀ lè dára lójú, láìka iye tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń tà sí, ń ba bíà yẹn jẹ́ ni. Àgbá kékeré wà tó ń gba páìntì 36. Ọwọ́ igi méjì pẹ̀lú irú àgbá bẹ́ẹ̀ kò béèrè ju páìntì 24 lọ lójúmọ́, ilé ọtí ẹsítéètì sì lè tà á.