Bí Flagyl ṣe ń dá àjọ sínú iṣan

Inú bá ti ń run ẹni ní Ìbàdàn, Flagyl ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn. Oògùn gidi ni fún àmíbà, kòkòrò tó ń da inú rú, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ ó lè ṣẹlẹ̀, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó pa iṣan ìmọ̀lára tàbí ọpọlọ lára, àwọn èèyàn á sì ní, "Kò bá ara rẹ̀ mu ni." Rárá o. Èyí tí kò bá ara mu kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ara á yún, ètè á wú, hóró kan tó bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ló sábà máa ń wà nídìí tibí yìí.

Ẹ fojú káàdì àjọ wò ó. Owó péréte ni alájọ ń gbà lójúmọ́, ó ń máàkì. Oògùn náà kì í pẹ́ lára: bíi wákàtí 8, ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Máàkì rẹ̀ lára iṣan ni kì í tètè pa rẹ́. Ẹni tó ń lo 400 mg lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ ń dá gíráàmù 1.2, ọjọ́ 7 jẹ́ 8.4, ewu ibẹ̀ kéré gan-an, kó lo ohun tí dókítà kọ tán. Bí àròpọ̀ bá kọjá gíráàmù 42, tó jẹ́ ọjọ́ 35 gbáko, ni ewu iṣan ń pọ̀ sí i. Lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, oògùn náà ń pọ̀ ju iye tó gbé mì lọ́jọ́ kan lọ, torí ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó tú oògùn náà palẹ̀.

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbọ́, torí iṣan tó dé ibẹ̀ ló gùn jù, láti ìbàdí wá. Àtẹ́lẹsẹ̀ á máa ta, á máa jó bí ẹni tẹ ata, lẹ́yìn náà á kú. Bó bá kan ọpọlọ, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó ń tún ìrìn àti ọ̀rọ̀ ṣe, ló sábà máa ń bà. Ahọ́n á wúwo, èèyàn á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí tí kò fẹnu kan ọtí. Bí wọ́n bá ya àwòrán MRI, ibi méjì kan máa ń tàn nínú ọpọlọ níbẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n dọ́gba bí ìbejì. Ìdọ́gba yẹn ló ń jẹ́ kí dókítà fura sí oògùn, kó má pè é ní rọpárọsẹ̀.

Ibi tí ètò yìí ti kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sẹ́ni tó mú káàdì lọ́wọ́. Páálí kan láti Agbeni, òmíràn láti Bódìjà, òmíràn tó ṣẹ́kù nílé: olúkúlùkù ṣọ́ọ̀bù ń ka èyí tó tà nìkan. Ẹni tó ń lò ó léraléra ni kó tọ́jú páálí òfìfo, kó kà á ní gíráàmù, kó kó o lọ fún dókítà. Ẹ má sì fi ìṣirò yìí wọn cipro, oògùn apakòkòrò mìíràn, torí ìpalára iṣan tirẹ̀ lè dé láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Bí ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta tàbí ahọ́n ń wúwo, kí wọ́n dáwọ́ Flagyl dúró, kí wọ́n sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ahọ́n àti ìrìn sábà máa ń padà bọ̀ sípò láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹsẹ̀ tó ti kú máa ń gba oṣù, nígbà míì kì í sì í padà tán.