Ìgbẹ́jọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ìwà àìtọ́ agbẹjọ́rò ìjọba ní Amẹ́ríkà

Àtúnṣe Karùn-ún sí ìwé òfin Amẹ́ríkà, èyí tó di òfin ní 1791, kò gba ìjọba láyè láti pe ènìyàn lẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ló kọ́kọ́ dè, ẹjọ́ Benton v. Maryland (1969) ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ló mú kó de àwọn ìpínlẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti dá láre ti bọ́, ìjọba kò lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ìdáláre náà.

Tó bá jẹ́ olùjẹ́jọ́ ló pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó sì borí, ọ̀tọ̀ ni ti ibẹ̀. Láti ìgbà United States v. Ball (1896), ẹni tí ilé ẹjọ́ bá fagi lé ìdájọ́ ẹ̀bi rẹ̀ lè tún padà síwájú adájọ́. Burks v. United States (1978) yọ ọ̀kan sílẹ̀: bí ẹ̀rí tí ìjọba kó wá kò bá tó, kò sí ìgbẹ́jọ́ tuntun mọ́. Ìwà àìtọ́ agbẹjọ́rò ìjọba kò sí lára ohun tí Burks yọ sílẹ̀. Àṣìṣe nínú ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n sábà máa ń kà á sí, ìgbẹ́jọ́ mìíràn sì máa ń tẹ̀ lé e.

Oregon v. Kennedy

Ẹ̀sùn olè kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi kan olùjẹ́jọ́. Agbẹjọ́rò ìjọba bi ẹlẹ́rìí kan bóyá nítorí pé oníjìbìtì ni olùjẹ́jọ́ ni kò ṣe bá a ṣòwò rí. Olùjẹ́jọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá ìgbẹ́jọ́ náà dúró pátápátá láìsí ìdájọ́, adájọ́ sì gbà. Ṣé wọ́n tún lè bẹ̀rẹ̀ òmíràn? Ní 1982, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀. Adájọ́ Rehnquist kọ ọ́ pé kò sí ohun tó dí ìgbẹ́jọ́ tuntun lọ́wọ́, àfi bí agbẹjọ́rò ìjọba bá mọ̀ọ́mọ̀ fín olùjẹ́jọ́ níràn kó lè bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Adájọ́ Stevens àti àwọn mẹ́ta mìíràn fara mọ́ àbájáde ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìlànà náà ti há jù.

Ó jọ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Agbẹjọ́rò tó bá fi ẹ̀rí pamọ́ dáadáa kò ní fún ẹnikẹ́ni ní ìdí láti bẹ̀bẹ̀ fún ìdádúró. Ìgbà tí ẹjọ́ bá dé kòtẹ́milọ́rùn ni àṣírí máa ń tú, ìlànà Kennedy kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Nínú United States v. Wallach (1992), ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ kan sọ pé ó ṣeé ṣe kí ààbò Àtúnṣe Karùn-ún dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ìjọba rú òfin nítorí kí wọ́n má baà dá a láre, àmọ́ kò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Pennsylvania

Nínú àwọn tí a mẹ́nu bà níhìn-ín, ìpínlẹ̀ yìí ló lọ jìnnà jù nínú dídáàbò bo olùjẹ́jọ́. Nínú Commonwealth v. Smith, ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún ni olùjẹ́jọ́. Ní 1989, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ìpínlẹ̀ náà pàṣẹ ìgbẹ́jọ́ tuntun fún un nítorí ìdí mìíràn. Lẹ́yìn náà ló hàn gbangba pé ìjọba ti bo àdéhùn tó bá olórí ẹlẹ́rìí rẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀. Ó tún ti gbé rọ́bà tí ọlọ́pàá fi ká iyanrìn láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ olóògbé pamọ́ fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Iyanrìn náà ti olùjẹ́jọ́ lẹ́yìn, ẹni tó ń sọ pé ìlú etíkun kan ní New Jersey ni wọ́n ti pa olóògbé náà. Ní 1992, ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ pátápátá nítorí ìwà àìtọ́ tí ìjọba mọ̀ọ́mọ̀ hù yìí, láìsí ìgbẹ́jọ́ mìíràn. Commonwealth v. Johnson (2020) fẹ ìlànà yìí sí i: kò di dandan kí ìjọba mọ̀ọ́mọ̀ gbèrò ibi, bó bá mọ ewu tí ìwà rẹ̀ lè fà tó sì fojú fò ó, ìyẹn náà tó.

Àkókò ìpẹ̀jọ́

Abney v. United States (1977) gba olùjẹ́jọ́ láyè láti gbé ọ̀rọ̀ ààbò yìí lọ sí kòtẹ́milọ́rùn kí ìgbẹ́jọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìgbẹ́jọ́ náà gan-an ni òfin fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.